Owó oṣù ti lé, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ṣì ń lọ: kí ló ń mú iṣẹ́ tẹ́ ọ̀dọ́ lọ́rùn gan-an?

Alábòójútó Ẹ̀ka

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ẹni tó ń darí àwọn òṣìṣẹ́ tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé 30. Ibi iṣẹ́ lè fi ìdá 10 nínú 100 kún owó oṣù, kí inú àwọn ọ̀dọ́ dùn fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Tó bá fi máa di oṣù kẹfà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Bí a bá bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ń lọ, "mo rí ibòmíràn" ni wọ́n á sọ, kò sì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Kí ló ń fa ìtẹ́lọ́rùn lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀dọ́, láìfi àròsọ kún un? Nínú àwọn nǹkan náà, èwo ni olórí ẹ̀ka kékeré, tí kò láṣẹ lórí owó, lè fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe? Báwo la sì ṣe ń wọ̀n ọ́n tí iye tó jáde kò fi ní tàn wá jẹ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n máa yìn wọ́n, kí n sì máa ṣe àríyá fún wọn. Ohun tí èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo ń wá.

Ayẹṣẹ́wò

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ owó yé ara wa. Ní 1959, Frederick Herzberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ẹnjiníà àti àwọn oníṣirò owó ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí kálukú ròyìn ìgbà tí iṣẹ́ dùn mọ́ ọn jù, kó sì ròyìn ìgbà tó sú u jù. Ohun tó jáde ni pé ohun tó ń múni bínú lẹ́nu iṣẹ́ yàtọ̀ sí ohun tó ń múni fẹ́ràn iṣẹ́. Owó, òfin ilé iṣẹ́, ọwọ́ tí ọ̀gá fi ń múni, ibi tí à ń jókòó sí: bí ìwọ̀nyí bá burú, ara kò ní rọ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá sì dára, ìbínú ló máa lọ, ìfẹ́ iṣẹ́ kò ní torí ìyẹn dé. Ohun tó ń mú ìfẹ́ wá ni kéèyàn ṣe nǹkan kó yọrí, kí wọ́n mọ̀ pé òun ló ṣe é, kí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ládùn, kí ẹrù iṣẹ́ gidi wà léjìká ẹni, kéèyàn sì máa rí i pé òun ń gòkè.

Àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ bẹnu àtẹ́ lu ọ̀nà tó gbà ṣèwádìí, torí pé bí nǹkan bá dára, ọmọ aráyé á ní ọwọ́ òun ló ti wá. Bó bá bàjẹ́, á di ẹ̀bi ilé iṣẹ́. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, ìdá 10 tí ẹ sọ yẹn bá a mu rẹ́gí: owó náà pa ìbínú kan, ó mọ́ wọn lára láàárín oṣù díẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n sì ń jí lọ ṣe láràárọ̀ kò yàtọ̀ sí ti àná.

Ibi tí olórí ẹ̀ka ti lágbára ni bí a ṣe gé iṣẹ́ náà fún ẹni tó ń ṣe é. Richard Hackman àti Greg Oldham to èyí lẹ́sẹẹsẹ ní 1976. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ní ká wò: ṣé iṣẹ́ náà ń lo oríṣiríṣi ìmọ̀ tí ẹni náà ní; ṣé ó ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àbí bíńtín nínú rẹ̀ ló ń fọwọ́ kàn; ṣé ó wúlò fún ẹlòmíràn; ṣé ó lómìnira láti pinnu bí yóò ṣe ṣe é; ṣé ó sì ń mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dára tó. Máàkì 1 sí 7 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. A ó wá ìpíndọ́gba mẹ́ta àkọ́kọ́, a ó fi máàkì òmìnira sọ ọ́ di púpọ̀, a ó tún fi máàkì mímọ èsì iṣẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀.

Ká ní mẹ́ta àkọ́kọ́ ti ọ̀dọ́ kan jẹ́ 4, 4, 4, òmìnira rẹ̀ jẹ́ 2, mímọ èsì jẹ́ 2. 4 lọ́nà 2 lọ́nà 2, ó jẹ́ 16. Bí ẹ bá fi oríṣiríṣi iṣẹ́ kún tirẹ̀ títí máàkì àkọ́kọ́ fi di 7, ìpíndọ́gba á di 5, gbogbo rẹ̀ á di 20. Bí ẹ bá fi oríṣiríṣi iṣẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wà, tí ẹ gbé mímọ èsì láti 2 sí 4, 32 ló máa jáde. Ẹ gbé òmìnira náà sí 4, ó di 64. Àṣìṣe tí mo rí pé ó wọ́pọ̀ jù wà níbí: ọ̀gá kíyè sí i pé iṣẹ́ ti ń sú ọmọ, ó wá fi iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn kún un "kó má bàa sú u". Ẹrù ló gbé lé e. Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọmọ náà lè dá pinnu, kò sì sí ẹni tó ń sọ fún un bó ṣe ń ṣe sí.

Ẹ wo bí ìròyìn oṣooṣù ṣe ń rìn ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì. Ọ̀dọ́ ló kó àwọn iye jọ, òun ló ya tábìlì, òun ló kọ ojú ewé méjì tó fi ṣàlàyé. Ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá lọ́jọ́bọ̀. Ọ̀gá yí ìpínrọ̀ kejì padà, ó yọ tábìlì kẹta, ó fi orúkọ ara rẹ̀ síwájú, ó gbé e lọ sípàdé. Kò sí ohunkóhun tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ṣèèṣì gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé wọ́n ti tìtorí tábìlì kan yí ètò padà, ó sì mọ̀ pé tòun ni. Máàkì mẹ́ta ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo yìí pa: kò rí òpin iṣẹ́ rẹ̀, kò mọ ẹni tó wúlò fún, kò mọ ohun tó ṣe dáadáa.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó. Kí orúkọ rẹ̀ wà lójú ewé kìíní. Kí ọ̀gá dá ẹ̀dà tó tún ṣe padà fún un lọ́jọ́ kejì, kí gbogbo ibi tó fọwọ́ kàn hàn, kó sì kọ ìdí ṣókí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n pè é wọ ìpàdé fún ìṣẹ́jú 15 tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá ṣeé pè, kí ọ̀gá fi ìlà mẹ́ta ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an: ohun tí wọ́n pinnu, ibi tí wọ́n ti lo iye rẹ̀, àti ohun tí wọ́n béèrè tí kò sí níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ jù.

Ọlọ́pọ́n Ìṣirò

Mo fara mọ́ ohun tí Ayẹṣẹ́wò sọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tètè ti owó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní 2010, Timothy Judge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀, wọ́n sì rí i pé ìsopọ̀ tó wà láàárín iye owó tí èèyàn ń gbà àti ìtẹ́lọ́rùn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ nǹkan bí 0.15 (0 ni pé wọn kò so pọ̀ rárá, 1 ni pé wọ́n so pọ̀ pátápátá). Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, á jẹ́ pé nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìtẹ́lọ́rùn àwọn èèyàn ni iye owó lè ṣàlàyé. Àwọn ọ̀gá kan á gbọ́ èyí, wọ́n á ní "ẹ rí i, owó kò já mọ́ nǹkan kan". Wọ́n ṣì í gbọ́. Owó ńlá kò lè dá ìtẹ́lọ́rùn rà, òótọ́ ni. Ìrẹ́jẹ nínú owó ṣì ń dun èèyàn wọra.

Ní 2012, David Card àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ University of California. Wọ́n sọ fún apá kan nínú wọn pé ìkànnì kan wà tí wọ́n ti lè wo owó oṣù ara wọn. Àwọn tó rí i pé owó àwọn wà nísàlẹ̀ iye tó wà láàárín gbùngbùn owó àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní ẹ̀ka wọn, ìtẹ́lọ́rùn wọn lọ sílẹ̀, wọ́n sì túbọ̀ ń ronú àtiwá iṣẹ́ mìíràn. Àwọn tí owó tiwọn wà lókè? Inú wọn kò dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí ẹni ìsàlẹ̀ pàdánù, ẹni òkè kò jèrè rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ìdá 10 tí a pín kárí fi lè dá kún ìṣòro. Ká ní ẹni tó ti lo ọdún méjì ń gba 100, tí ilé iṣẹ́ sì gba ẹni tuntun wọlé sórí iṣẹ́ kan náà ní 120, torí pé iye tí ọjà iṣẹ́ ń béèrè ti gòkè. Àlàfo àárín wọn jẹ́ 20. Ẹ fi ìdá 10 kún tàwọn méjèèjì: 110 àti 132. Àlàfo ti di 22. Ẹni ọdún méjì yìí náà ló sì ń kọ́ ẹni tuntun níṣẹ́.

Bí ẹ kò bá tiẹ̀ láṣẹ lórí owó, ẹ lè ṣètò ẹ̀rí fún àwọn tó láṣẹ. Ẹ ya òpó mẹ́rin sórí ìwé: orúkọ iṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n gbà á, owó tó ń gbà, iye òṣùwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀ níbi àyẹ̀wò tó kọjá. Ẹ tò wọ́n ní ìpele ọjọ́ ìgbàwọlé. Gbogbo ibi tí ẹni tí kò tíì pé oṣù 12 bá ti ń gbà ju ẹni tó ti lé ní oṣù 24 lọ lórí iṣẹ́ kan náà, ẹ fi pẹ́ńsù pupa yí i ká. Àwọn ibi pupa yẹn ni kí owó àfikún kọ́kọ́ lọ. Ẹ má rò pé bí ẹ bá fi owó oṣù ṣe àṣírí, ẹ ti bọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń bi ara wọn léèrè.

Alábòójútó Ẹ̀ka

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kan ló kù mí kù lórí òmìnira. Ẹni tó dé ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, tí mo bá fún un láyè láti dá pinnu, tó wá ṣàṣìṣe lójú oníbàárà, ta ni yóò dáhùn?

Akọ́niníṣẹ́

Ẹ̀yin ni. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ la ń fi òmìnira lé èèyàn lọ́wọ́, ìwé la sì ń kọ ọ́ sí.

Ẹ mú ìpinnu 10 sí 15 tó máa ń wáyé lórí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín oṣù kan: dídáhùn ẹ̀hónú oníbàárà, yíyan ẹni tí a ó ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, sísún ọjọ́ iṣẹ́ kan síwájú, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ nọ́ńbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. 1: ṣe bí a ṣe ní kí o ṣe é. 2: mú àbá wá, dúró de ìdáhùn. 3: ṣe é, kí o sì sọ fún mi lọ́jọ́ náà. 4: ṣe é, èmi á kà á nínú ìròyìn oṣù. Ẹni tuntun lè ní 1 lórí mẹ́jọ, 2 lórí mẹ́ta, 3 lórí ẹyọ kan, kò burú. Bó bá ti ṣe ìpinnu kan lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹ kò rí àtúnṣe ṣe sí i, nọ́ńbà ìpinnu yẹn gbọ́dọ̀ gòkè. Kí ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó lè máa sọ pé "mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta o".

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé àṣìṣe kan á ṣẹlẹ̀, ọ̀gá á sì gba gbogbo rẹ̀ padà láìsọ. Kò ní kéde nǹkan kan, á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn lẹ́tà tó yẹ kí ọmọ náà dáhùn. Ọ̀sẹ̀ kan kò ní pé tí ọmọ náà á fi mọ̀, kò sì ní dá nǹkan kan pinnu mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ dá nọ́ńbà padà, ìpinnu tí àṣìṣe ti wáyé nìkan ni kẹ́ ẹ dá padà. Ẹ sọ ọ́ fún un lójúkojú, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tí yóò ṣe tí yóò fi tún gòkè.

Robert Karasek ti fi hàn ní 1979 pé ohun tó ń bo èèyàn mọ́lẹ̀ jù ni kí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn ẹni kí àṣẹ sì kéré lọ́wọ́ ẹni. Ibi tí a sábà máa ń fi ọ̀dọ́ sí gan-an nìyẹn: gbogbo ẹni tó wà lókè ló ń rán an níṣẹ́, kò sì sí èyí tó lè sọ fún pé ó di ọ̀la. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ní ọ̀gá mẹ́ta tó ń fún un níṣẹ́, ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa sọ èyí tó ṣáájú. Àtúnṣe yìí kò gbà ju ìpàdé ìṣẹ́jú 20 lọ. Mo tilẹ̀ rò pé òun ló yẹ kó ṣáájú ìwé òmìnira, torí pé ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀, ìbẹ̀rù ni òmìnira yóò jẹ́ fún un.

Ẹ tún fi ti àsìkò sọ́kàn. Iṣẹ́ tuntun ní tirẹ̀ dà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Àwọn ìwádìí tí Wendy Boswell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde láti 2005 fi hàn pé ìtẹ́lọ́rùn máa ń ga fíofío tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi iṣẹ́ tuntun, á sì wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Oṣù kẹfà tí ẹ sọ yẹn kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó ń mú kí wíwálẹ̀ náà le ni irọ́ tí a pa nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí ó bá jẹ́ pé wákàtí 25 nínú 40 lọ́sẹ̀ kan ni yóò fi máa tẹ iye sínú kọ̀ǹpútà, ẹ sọ wákàtí 25 fún un kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ jẹ́ kó bá ẹni tó wà lórí iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 30 láìsí ọ̀gá níbẹ̀. Ẹnì kan tàbí méjì á kọ iṣẹ́ náà, èyí kò dára fún ẹni tó ń kánjú gbani síṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó bá wọlé ti mọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá bá.

Òǹwọ̀n

Kí n tó dé orí wíwọ̀n, ohun kan nípa ìṣirò Ayẹṣẹ́wò: àwọn tó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn náà rí i pé bí a bá kàn ro máàkì márààrún pọ̀, ó ń sọ nípa ìtẹ́lọ́rùn dáadáa tó bí ìsọdipúpọ̀, ó tilẹ̀ lè jù ú lọ. Nítorí náà, ẹ fi 16 àti 64 yẹn mọ ibi tó jò. Ẹ má gbé e lọ síwájú àwọn aláṣẹ bí ẹni pé ìtẹ́lọ́rùn ti di ìlọ́po mẹ́rin. Hackman àti Oldham fúnra wọn sì sọ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ebi ìdàgbàsókè ń pa. Ọ̀dọ́ kan wà tó ń kàwé ní alẹ́, tí ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ kò ju kí aago márùn-ún lù kó máa lọ. Ẹ bi í kẹ́ ẹ tó gbé ẹrù lé e.

Ní ti wíwọ̀n, ẹ̀ka kékeré kò nílò ìbéèrè 60. Ìbéèrè kan, "Ní àpapọ̀, báwo ni iṣẹ́ yìí ṣe tẹ́ ọ lọ́rùn sí?", láti 1 dé 7, tó láti fi mọ ibi tí nǹkan dé. Ẹ fi èkejì tì í: "Báwo ló ṣe ṣeé ṣe tó pé o máa wá iṣẹ́ mìíràn láàárín oṣù mẹ́fà?" Ẹ fi ẹ̀kẹta tí kò ní máàkì kún un: "Kí ni ohun kan tí a lè yí padà lóṣù yìí?" Ẹ bi wọ́n ní oṣù kìíní, ìkẹta, ìkẹfà àti ìkejìlá tí kálukú dé. Bí ẹ bá bi gbogbo ẹ̀ka lọ́jọ́ kan náà lọ́dọọdún, ẹ ó da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ojú wọn ṣì ń dán, pọ̀ mọ́ àwọn tó ti rẹ̀, iye kan tí kò jọ ẹnikẹ́ni ló sì máa jáde.

Ẹ wo ẹ̀ka ẹni mẹ́jọ. Mẹ́rin fi 6, mẹ́rin fi 2. Ìpíndọ́gba jẹ́ 4, gbogbo èèyàn á ní "ó ṣe déédéé". Ilé ti là sí méjì! Ẹ máa kọ iye ẹni tó fi máàkì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ má dúró lórí ìpíndọ́gba. Nínú ẹ̀ka ẹni mẹ́jọ mìíràn, bí ẹnì kan ṣoṣo bá já láti 7 sí 1, ìpíndọ́gba á fi 0.75 wálẹ̀. Ẹ má pe ìyẹn ní ìṣòro ẹ̀ka. Ìṣòro ẹnì kan ni, ó sì yẹ kí ẹnì kan lọ jókòó tì í.

Ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá wọn gan-an ni kó gba ìdáhùn. Ibi tí èèyàn kò bá tó márùn-ún, ẹ má ya èsì wọn sọ́tọ̀, torí pé kíá ni a ó mọ ẹni tó sọ kí ni. Lẹ́yìn tí èsì bá jáde, ẹ ní ọjọ́ 14 láti padà wá sọ ohun kan tí ẹ máa yí padà àti ohun kan tí ẹ kò lè yí, pẹ̀lú ìdí. Ẹ̀ka tó béèrè lẹ́ẹ̀mejì tí kò ṣe nǹkan kan sí i, ẹlẹ́ẹ̀kẹta á bá 5, 5, 5 lórí gbogbo ìwé. Àwọn èèyàn náà ti dákẹ́ ni.

Ẹ má sì dúró di ọjọ́ tí wọ́n ń lọ kẹ́ ẹ tó bi wọ́n léèrè. Ẹni tó ń lọ ń wá ìwé ẹ̀rí ìwà rere lọ́wọ́ yín, kò ní sọ òótọ́. Àwọn tó ṣì wà ni kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìṣẹ́jú 25. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀, kó mú ohun tó bá fẹ́ wá. Bí ẹ bá sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì léra, ẹ ti sọ fún un bó ṣe ṣe pàtàkì tó.

Akọ́niníṣẹ́

Kí n fi kan kún ti Òǹwọ̀n. Bí ẹ bá ní àwọn tí wọ́n gbà fún oṣù 12 péré, ẹ sọ fún wọn bóyá wọ́n ń tẹ̀síwájú tàbí wọn kò tẹ̀síwájú ní ó kéré tán ọjọ́ 60 kí ìwé wọn tó parí. Láti oṣù kẹsàn-án ni ọkàn wọn ti ń kúrò níbi iṣẹ́. Máàkì tí wọ́n bá fi ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá, ìbẹ̀rù ló ń wọ̀n, kì í ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ yà á sọ́tọ̀ nínú ìwé.

Alábòójútó Ẹ̀ka

Ẹ ṣé, ẹ kú làálàá. Lọ́jọ́ Ajé, màá kọ́kọ́ wo iye ọ̀gá tó ń rán ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan níṣẹ́. Màá kó òpó mẹ́rin ti Ọlọ́pọ́n Ìṣirò jọ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ṣé ìwé ìpinnu yẹn, ṣé kí èmi kọ ọ́ kí n fún wọn ni, àbí kí a jọ kọ ọ́?

Akọ́niníṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fi nọ́ńbà tó rò pé òun ní lọ́wọ́lọ́wọ́ síbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ fi tiyín sórí ìwé mìíràn láìjẹ́ kó rí i, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí òun ti kọ 1 tí ẹ̀yin sì kọ 3 ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ti ní òmìnira náà tẹ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ni.